Bóòtù Kékeré Tó Sọnù Lára Kẹ̀kẹ́ Ọmọ

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn lójú ewé yìí wá láti Ìyìn-Èkìtì. Bàbá kan níbẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń lọ sí ilé-ìwé girama. Kì í ṣe irú kẹ̀kẹ́ dúdú ńlá tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko. Kẹ̀kẹ́ eré ìje ni, èyí tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín, tí ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ̀ kọdọrọ bí ìwo àgbò. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, wọ́n rí i pé ihò márùn-ún ló wà lára irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí, ṣùgbọ́n bóòtù mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Ìdérí kékeré tó yẹ kó wà lójú apá òsì ti sọnù, bóòtù tó sì wà nínú ihò náà ti ń mì. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi wáyà dì í, kí ọmọ máa gùn ún lọ. Bàbá yìí wá ń béèrè pé: ṣé irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ tó ohun tí a ó tìtorí rẹ̀ gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ọmọ?

Ìdáhùn wa ni pé ó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ìbẹ̀rù sọ kẹ̀kẹ́ tó dára nù. Nínú àwọn nǹkan kéékèèké tó máa ń sọnù lára kẹ̀kẹ́, àwọn kan wà tí a lè dọ́gbọ́n sí, àwọn kan sì wà tí kò gba ọgbọ́n àdábọwọ́ rárá. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ wọn kò ní náwó tí kò yẹ, kò sì ní fi ẹ̀mí ọmọ ṣeré.

ẸRÙ TÍ BÓÒTÙ YÌÍ Ń GBÉ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Kránkì ni wọ́n ń pe gbogbo ohun tí ẹsẹ̀ ń yí lára kẹ̀kẹ́: apá irin méjì tí pẹ́dàlì wà ní ìparí wọn, ọ̀pá ààrin tó gba inú kẹ̀kẹ́ kọjá tó so apá méjèèjì pọ̀, àti irin eléyín tó wà lápá ọ̀tún. Bóòtù kéékèèké ló de gbogbo wọn mọ́ra.

Ọ̀nà Èkìtì kì í ṣe ọ̀nà pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ láti Ìyìn lọ sí Adó tàbí lọ sí Ìgèdè mọ̀ pé bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ la ó tún máa gòkè. Bí ọmọ bá dé ẹsẹ̀ òkè, yóò dìde kúrò lórí ìjókòó, yóò fi gbogbo ara tẹ pẹ́dàlì. Ká ní ọmọ náà wọn 60 kílò. Apá kránkì gùn tó nǹkan bí 17 sẹ̀ntímítà. Irin eléyín kékeré tó ní eyín 39 kò ju nǹkan bí 8 sẹ̀ntímítà lọ láti ààrin dé etí. Nítorí pé apá gùn ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, agbára tí yóò máa fa ṣéènì á ju ìlọ́po méjì ìwúwo ọmọ náà lọ. Ó lé ní 120 kílò. Àpò símẹ́ńtì kan sì rèé, 50 kílò ni. Ohun tó ju àpò símẹ́ńtì méjì lọ ló ń fa irin eléyín yẹn, bóòtù márùn-ún tí kò ju orí ìka lọ ló sì dì í mú.

Bí méjì bá ti sọnù nínú wọn, mẹ́ta tó kù ni yóò gbé ẹrù márùn-ún. Irin eléyín á máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣéènì á máa já bọ́, àwọn bóòtù tó kù náà á sì máa tú díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ apá òsì ló bọ́ pátápátá nígbà tí ọmọ dìde dúró lórí pẹ́dàlì, kò sí ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tẹ̀ mọ́. Ojú ọ̀dà ni yóò ṣubú sí, níbi tí mọ́tò àti ọ̀kadà ti ń sáré bọ̀ lẹ́yìn.

ÈYÍ TÓ DI NǸKAN MÚ ÀTI ÈYÍ TÓ KÀN BO NǸKAN

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi ara yín nígbàkígbà tí nǹkan kékeré bá sọnù: ṣé ó di nǹkan mú ni, àbí ó kàn bo nǹkan?

Ìdérí tó sọnù lójú apá òsì kàn ń bo nǹkan ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má ṣe jẹ́ kí ẹrẹ̀ àti iyanrìn wọnú ihò, kí wọ́n má ba ojú tírẹ́ẹ̀dì tó wà nínú rẹ̀ jẹ́. Tírẹ́ẹ̀dì yẹn ni irin tí a fi ń fa apá yọ máa ń dì mú lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ tú u. Nítorí náà ó ní iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ẹrù kankan. Ẹ lè fi gírísì díẹ̀ sínú ihò náà, kí ẹ wá ìdérí ike tó bá a mu, tàbí kí ẹ gbẹ́ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí i. Kò sí ewu níbẹ̀.

Bóòtù tó wà lábẹ́ ìdérí yẹn, àti àwọn bóòtù irin eléyín, wọ́n di nǹkan mú. Àwọn wọ̀nyí ni kò gba wáyà, tí kò gba ìṣó, tí kò sì gba bóòtù tí a ṣà lórí ilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

KẸ̀KẸ́ ÀTIJỌ́ ÀTI KỌ́TÀ RẸ̀

A ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí àwọn àgbà mọ̀. Kẹ̀kẹ́ Raleigh, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní òpópónà Raleigh ní ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò lo bóòtù láti fi de apá mọ́ ọ̀pá ààrin. Kọ́tà ló ń lò, ìyẹn irin kékeré tí apá kan rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tó sì ń tín-ín-rín lọ sí ìdí. Ojú pẹrẹsẹ yẹn ni yóò jókòó sára ibi pẹrẹsẹ tó wà lára ọ̀pá. Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé.

Bí kọ́tà bá sọnù, àwọn kan máa ń kan ìṣó dípò rẹ̀. Ìṣó rí róbótó, kò ní ojú pẹrẹsẹ. Láìpẹ́ yóò jẹ ihò apá náà, ohun tí kọ́tà kan ì bá tún ṣe yóò wá di kránkì odindi. Bí ẹ bá fẹ́ ra kọ́tà, ẹ mú ti àtijọ́ dání. Ti Raleigh fẹ̀ ní 9.5 mílímítà, ti àwọn kẹ̀kẹ́ mìíràn sì jẹ́ 9 mílímítà. Àbọ̀ mílímítà yẹn kò hàn lójú, ṣùgbọ́n ó tó láti jẹ́ kí apá máa mì. Òòlù ni a fi ń gbá kọ́tà wọlé, pẹ̀lú irin tó lágbára lábẹ́ apá kí ìgbátí òòlù má baà ba inú kẹ̀kẹ́ jẹ́. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò wà fún fífà á wọlé. Ó kàn ń dá a dúró kó má bọ́ ni. Òdìkejì ara wọn ni ti ọ̀tún àti ti òsì máa ń kọjú sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ apá méjèèjì kò ní wà ní ìlà kan.

BÓÒTÙ IRIN ELÉYÍN

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí kẹ̀kẹ́ eré ìje ọmọ Ìyìn. Bóòtù irin eléyín kì í ṣe bóòtù lásán. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ dà bí fìlà kékeré tó wọnú ihò láti ẹ̀yìn, ara nọ́ọ̀tì yẹn ló sì kún ihò náà dáadáa, nǹkan bí 10 mílímítà. Bí ẹ bá ki bóòtù lásán tó jẹ́ 8 mílímítà bọ ihò yẹn, àyè yóò ṣẹ́ kù yí i ká, irin eléyín yóò sì máa yẹ̀ síbí sọ́hùn-ún nígbàkígbà tí ọmọ bá tẹ pẹ́dàlì.

Ohun kejì ni gígùn. Bóòtù tí a ṣe fún kẹ̀kẹ́ tó ní irin eléyín kan kúrú ju ti kẹ̀kẹ́ tó ní méjì lọ. Èyí tó bá kúrú jù kò ní rí tírẹ́ẹ̀dì tó pọ̀ tó dì mú. Èyí tó bá gùn jù ló tún ń tanni jẹ jù, nítorí pé yóò dé òpin nínú nọ́ọ̀tì rẹ̀ kí ó tó fún irin mọ́ra. Ọwọ́ yín á sọ fún yín pé ó ti le, síbẹ̀ irin eléyín yóò máa jó nídìí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ tú ọ̀kan nínú mẹ́ta tó kù, kí ẹ mú un lọ sọ́jà gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Orúkọ tí olùtajà mọ̀ ọ́n sí ni chainring bolt. Ohun tó dára jù ni kí ẹ ra márààrún papọ̀, kí gbogbo wọn lè jẹ́ irú kan náà.

Bí ẹ bá ń fi wọ́n sí i, ẹ fi gírísì díẹ̀ kan tírẹ́ẹ̀dì wọn. Kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà tó jẹ́ 5 mílímítà ló sábà máa ń bá wọn mu. Ẹ má ṣe fún ọ̀kan pa kí ẹ tó bọ́ sórí èkejì. Ẹ fi ọwọ́ yí gbogbo wọn wọlé ná, lẹ́yìn náà kí ẹ máa fo ọ̀kan kọjá bí ẹ ti ń fún wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ mọ́tò.

BÓÒTÙ APÁ ÒSÌ, ÀTI ẸTÀN BÓÒTÙ Ọ̀KADÀ

Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ eré ìje tí kò ní kọ́tà, orí ọ̀pá ààrin ní igun mẹ́rin, ihò tó wà lára apá náà sì ní igun mẹ́rin. Bóòtù ló ń ti apá náà wọ orí ọ̀pá yẹn kó fi mú un le. Bóòtù 8 mílímítà ni.

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Mẹkáníìkì ọ̀kadà ní bóòtù 8 mílímítà rẹpẹtẹ, ó sì lè fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Lójú, wọn kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ìlà tírẹ́ẹ̀dì bóòtù 8 mílímítà tó wọ́pọ̀ fi 1.25 mílímítà jìnnà síra, ti bóòtù kránkì sì fi 1 mílímítà péré jìnnà síra. Bí ẹ bá fi ti ọ̀kadà sí i, yóò yí lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà yóò le. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò fi agbára kún un, yóò sì fá gbogbo tírẹ́ẹ̀dì tó wà nínú ọ̀pá ààrin dànù. Bóòtù ọ̀fẹ́ ti di gbèsè nìyẹn.

Rúlà ọmọ iléèwé ti tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé bóòtù lé rúlà, kí ẹ ka ìlà tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí àlàfo mẹ́wàá bá gba sẹ̀ntímítà kan gééré, ti kránkì ni. Bí mẹ́jọ péré bá ti gba sẹ̀ntímítà kan, ẹ dá a padà fún ọlọ́kadà.

Bóòtù yìí ń fẹ́ agbára. Ó tó bí ìgbà tí a bá gbé ẹrù 20 kílò kọ́ sí ìparí sípánà tó gùn ní 20 sẹ̀ntímítà. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí ọmọ ń fi ọwọ́ lásán yí.

Ọ̀rọ̀ kan kù níbí tó le díẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń gun kẹ̀kẹ́ nígbà tí apá yẹn ń mì, ó ṣeé ṣe kí ihò rẹ̀ ti bàjẹ́. Irin líle ni ọ̀pá ààrin, àlùmíníọ̀mù tó rọ̀ jù ú lọ sì ni ọ̀pọ̀ apá. Líle á jẹ rírọ̀, igun mẹ́rin á di róbótó. Bóòtù tuntun kò lè wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn. Ẹ fún bóòtù náà dáadáa, kí ẹ̀yin àgbà gùn ún yíká àdúgbò níbi tí kò sí mọ́tò. Bí ó bá tún tú, apá yẹn ti kú, ẹ ra apá òsì mìíràn. Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n gé agolo wàrà sínú ihò láti fi dí àlàfo. Yóò le lónìí, yóò sì tún tú lọ́la. Bí ẹ bá pààrọ̀ apá òsì, ẹ rántí pé òdì ni tírẹ́ẹ̀dì pẹ́dàlì òsì ń yí. Ẹ má ṣe fi pẹ́dàlì ọ̀tún há a.

KẸ̀KẸ́ TÒKUNBỌ̀ TÓ JẸ́ TUNTUN DÍẸ̀

Láti nǹkan bí 2003 ni Shimano ti ń ṣe kránkì kan tí ọ̀pá ààrin rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú apá ọ̀tún. Nǹkan kéékèèké mẹ́ta ni kí ẹ wò lára apá òsì rẹ̀. Èkíní ni ìdérí ike tí a ń yí wọ ojú rẹ̀. Èyí kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́, òun ló ń mú kí apá náà jókòó sí àyè rẹ̀ láìmì, ṣùgbọ́n agbára ìka lásán ló ń fẹ́. Èkejì ni ike pẹlẹbẹ kékeré kan tó ní èékánná. Inú ihò kékeré kan lára ọ̀pá ni èékánná yẹn ń bọ́ sí, kí apá má baà yọ pátápátá bí bóòtù bá tú. Ẹ̀kẹta ni bóòtù méjì tó fún apá náà mọ́ ọ̀pá. Ẹ fún wọn ní méjì-méjì, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, títí wọn yóò fi le dọ́gba. 12 sí 14 Nm ni wọ́n ń fẹ́, ìyẹn bí ìgbà tí a bá gbé ẹrù kílò mẹ́fà àbọ̀ kọ́ sí ìparí sípánà tó gùn ní 20 sẹ̀ntímítà.

Kí ẹ tó náwó sórí bóòtù irú kránkì yìí, ẹ kọ́kọ́ yẹ apá rẹ̀ wò. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, Shimano àti ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ohun tí aráàlú ń rà kéde pé kí wọ́n mú àwọn kránkì kan padà wá fún àyẹ̀wò. Nǹkan bí 680,000 ni wọ́n ti tà ní Amẹ́ríkà, àti nǹkan bí 80,000 ní Kánádà. Irin méjì tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni apá wọn, ó sì lè ya sí méjì. Ìròyìn irú rẹ̀ tó lé ní 4,500 ti dé etí wọn, ènìyàn mẹ́fà sì ti fara pa. Àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú oṣù keje 2019 lọ̀rọ̀ náà kàn. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn apá wọn ni FC-6800, FC-9000, FC-R8000, FC-R9100 àti FC-R9100P. Kẹ̀kẹ́ òkèèrè ni tòkunbọ̀, nítorí náà ẹ yí kẹ̀kẹ́ náà, kí ẹ fi ìdọ̀tí ẹ̀yìn apá nù, kí ẹ sì ka nọ́ńbà rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, tí ẹ sì rí ìlà kan tó là lára rẹ̀, tàbí tó ń dún kíẹ́ẹ́ kíẹ́ẹ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gùn ún mọ́.

NÍBO NI KÍ Ẹ TI RÀ Á?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó wà nítòsí, lẹ́yìn náà ní Adó. Bí kò bá sí tuntun, àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ sábà máa ń ní kẹ̀kẹ́ tó ti kú nílẹ̀, tí férémù rẹ̀ ti ṣẹ́ ṣùgbọ́n tí bóòtù rẹ̀ ṣì dára. Kò sí àbùkù nínú bóòtù àlòkù bí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bá mú, tí kò dípẹtà, tí ẹnu ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì tíì fá. Ẹ má ṣe rán ọmọdé lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ fún un ní àpẹẹrẹ dání.

Ẹ má sì bá atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó dábàá wáyà jà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé oníbàárà tí kò fẹ́ náwó ló kọ́ ọ ní wáyà. Bí ẹ bá sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́, bóòtù rẹ̀ gan-an la fẹ́, a ó dúró dè é,” inú rẹ̀ á dùn láti ṣe iṣẹ́ tó mọ̀.

KÍ ỌMỌ TÓ GÙN ÚN

Ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe àyẹ̀wò yìí láìpẹ́ rárá:

1. Ẹ di apá méjèèjì mú, kí ẹ mì wọ́n síwá sẹ́yìn, kì í ṣe bí ẹni ń yí pẹ́dàlì, bí kò ṣe bí ẹni fẹ́ fà wọ́n ya kúrò lára kẹ̀kẹ́. Bí ó bá ń dún kọ, kọ, nǹkan kan ṣì tú.

2. Ẹ yí pẹ́dàlì sẹ́yìn, kí ẹ wo irin eléyín. Kò yẹ kó máa jó bí ẹni ọtí ń pa.

3. Ẹ ka àwọn bóòtù. Iye ihò ni kí iye bóòtù jẹ́.

4. Ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì pinpin, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan tẹ pẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan gidigidi nígbà tí kẹ̀kẹ́ dúró lójú kan. Kò gbọ́dọ̀ sí ìró, kò sì gbọ́dọ̀ yẹ̀.

5. Ẹ tún fún gbogbo bóòtù lẹ́yìn ọjọ́ kìíní, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bóòtù tuntun máa ń jókòó sí àyè rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, á wá dẹ̀.

Ní ti bàbá wa ní Ìyìn: ẹ gba kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ ọmọ fún ìwọ̀nba ọjọ́ tí ẹ ó fi rí bóòtù rà. Kí ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí iléèwé ná. Yóò bínú díẹ̀, ọmọ ni. Ẹ pè é jókòó tì yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ń tún un ṣe, kí ẹ fi bóòtù sí i lọ́wọ́, kí ẹ jẹ́ kí ó fi rúlà rẹ̀ ka tírẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bá ti mọ ohun tó gbé òun ró lórí òkè kì í dúró dìgbà tí ẹlòmíràn bá bá a wo ìdí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fojú sunkún ọmọ.